Bí ẹ ṣe máa rí wáyà iná tó bá ẹ̀rọ ilé yín mu rà ní Ìlọrin

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni màmá mi pè mí láti Àjàṣẹ́-Ìpo pé rédíò àwọn kò sọ̀rọ̀ mọ́, eku ti gé wáyà rẹ̀ lẹ́yìn àpótí aṣọ. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ bá mi wo ẹnu wáyà yẹn, ibi tó ń wọ inú rédíò. Báwo ló ṣe rí?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dà bí ihò imú." Ó parí. Kí n tó kúrò nílé ní Tánkẹ ni mo ti mọ ohun tí mo máa béèrè lọ́jà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ ti bá mi mú un dání láti Gàrájì Ọ̀fà.

Kì í rọrùn báyẹn nígbà gbogbo. Ṣáájú àkókò yẹn, mo ti ra wáyà kan fún ìkòkò ìrẹsì oníná wa. Ó wọ ẹnu ìkòkò náà wẹ́kú, iná tàn, inú mi dùn. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn rọ́bà tó ń jó ló gbé mi dìde lórí àga. Pílọ́ọ̀gì ti yọ́ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, wáyà náà rọ̀ bí àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin sì ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ara mi ṣì máa ń gbọ̀n bí mo bá rántí. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ wáyà mọ́.

Ìbéèrè méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ṣé ẹnu wáyà bá ẹnu ẹ̀rọ mu? Ṣé wáyà náà lè ru ẹrù iná tí ẹ̀rọ yẹn máa gbé lé e lórí? Èkíní nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń béèrè. Èkejì ló ń jó ilé.

Kí ẹ tó sọ pé wáyà ló kú

Ẹ̀rọ tí kò tàn lè má jẹ́ ẹ̀bi wáyà rárá. Ẹ kọ́kọ́ ki ṣájà fóònù bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń lò. Bí fóònù bá ń gba iná, ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ó kan fíúsì. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà, irú èyí tí àwọn ará Bírítéènì ń lò, máa ń ní fíúsì kékeré nínú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí ẹ wo àárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹnu sukurudiráfà lè ṣí. Nọ́ńbà wà lára fíúsì náà, 3A, 5A tàbí 13A (A dúró fún áǹpì, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn). Ẹ yá irú rẹ̀ gan-an lára pílọ́ọ̀gì mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi dán an wò. Bí ẹ̀rọ bá tàn, fíúsì péré lẹ máa rà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíúsì tó ti jó. Fíúsì ń jó kí ilé má baà jó ni. Ẹni tó bá wé e ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ na wáyà náà sílẹ̀ nígbà tí kò sí nínú iná, kí ẹ máa fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí dé ẹnu. Ibi tí eyín eku kàn, ibi tó dúdú, ibi tó ti le tó sì ń sán, gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ máa bá. Ìtòsí orí méjèèjì ni wáyà ti sábà máa ń já nínú, nítorí ibẹ̀ là ń tẹ̀ jù. Bí ẹ̀rọ yín bá ń tàn nígbà tí ẹ bá gbé wáyà sí apá kan, tó sì ń kú nígbà tí ẹ bá jù ú sílẹ̀, wáyà ti já nínú nìyẹn. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Iná kékeré ń ta pàrà nínú rọ́bà yẹn tí ojú kò rí i.

Bí ẹ bá lè yá wáyà tí ẹnu rẹ̀ jọra lọ́wọ́ aládùúgbò, òun ló dára jù. Tí ẹ̀rọ bá tàn pẹ̀lú tiwọn, ẹ lọ sọ́jà. Tí kò bá tàn, ẹ̀rọ lẹ máa gbé lọ bá rẹ́páírà, wáyà tuntun kò lè wo àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀ sàn.

Ẹ mọ ẹnu wáyà yín

Àwọn ẹnu wáyà tó ń wọ ara ẹ̀rọ kò pọ̀ bí ẹ ṣe rò. Àjọ tó ń ṣètò ìlànà nǹkan iná lágbàáyé, IEC, ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ sì lè fi nọ́ńbà náà wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jà, orúkọ tó yàtọ̀ ni wọ́n ń jẹ́.

Ti màmá mi, èyí tó dà bí ihò imú, ni C7. Ihò méjì ló ní, ara rẹ̀ sì rí bí nọ́ńbà 8 tó dùbúlẹ̀. Rédíò, ẹ̀rọ DVD, dékódà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré àti ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ló ń lò ó. Ẹ kàn ní "wáyà rédíò", wọ́n á gbọ́. Kò ní wáyà ilẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ru ju 2.5A lọ. Irú rẹ̀ kan wà tí apá kan rẹ̀ ṣe roboto tí apá kejì sì ní igun. Onígun yìí kò ní wọ ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ ṣe roboto ní apá méjèèjì, ẹ má sì fi agbára tì í.

Èyí tó ń wọ ìdí ṣájà lápútọ́ọ̀pù ni C5. Ó pín sí mẹ́ta bí ewé, àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà sì ń pè é ní fúláwà. Òun náà kò gbọdọ̀ ju 2.5A lọ, ṣùgbọ́n ó ní wáyà ilẹ̀.

C13 ni wọ́n ń pè ní wáyà kọ̀ǹpútà: ihò mẹ́ta tó gùn, igun méjì ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ bẹ́ sínú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ojú kọ̀ǹpútà, UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ), ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, ọ̀pọ̀ ìkòkò ìrẹsì. 10A ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi C13 yìí, torí ó ní ìbejì tí kì í ṣe ìbejì. C15 ni orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ máa rí i pé C15 ní kòtò kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kókó kékeré kan sì wà nínú ẹnu ẹ̀rọ tó ń wọ inú kòtò yẹn. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. C15 wà fún ẹ̀rọ tó ń gbóná, bí kẹ́tù ìseomi kan: ibi tí irin ti kan irin níbẹ̀ lè fara da ooru tó tó 120°C, nígbà tí C13 kò gbọdọ̀ kọjá 70°C. Àwọn tó ṣe é fi kókó yẹn síbẹ̀ kí wáyà kọ̀ǹpútà má lè wọlé ni. Mo ti rí ẹni tó mú ọ̀bẹ, tó gbẹ́ kòtò sí ẹnu wáyà kọ̀ǹpútà kí ó lè wọ kẹ́tù rẹ̀. Ó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà ibẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀bẹ ti sọ òun di C15. Òdìkejì rẹ̀ yàtọ̀: C15 lè wọ ẹnu tí C13 ń wọ, kò sí ewu níbẹ̀.

C19 tóbi jù wọ́n lọ, 16A ni, ara UPS ńlá àti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti sábà ń rí i.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ẹnu wọn kò bá ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí mu, pàápàá ìkòkò oníná àtijọ́. Fún irú wọn, ẹ gbé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ sọ́jà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ó sàn ju kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ

Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà. Lébẹ́ẹ̀lì kan wà lẹ́yìn tàbí lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ fólítì (V) àti wáàtì (W) sí. Ẹ fi fóònù ya á, kí ẹ tún ya ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀. Fọ́tò méjì yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lọ́jà.

Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 230V. Bí ẹ bá fi 230 pín wáàtì, ẹ máa mọ iye áǹpì (A) tí ẹ̀rọ ń fà. Tẹlifíṣọ̀n 100W kò fa tó ìlàjì áǹpì kan. Ìkòkò ìrẹsì 700W ń fa nǹkan bí 3A. Áyọ́ọ̀nù 1,000W ń fa díẹ̀ ju 4A lọ. Kẹ́tù 2,000W súnmọ́ 9A. Ẹ ò rí i pé wáyà tí tẹlifíṣọ̀n ń lò láìgbóná rárá lè yọ́ lábẹ́ kẹ́tù.

Ibi tó kàn ni ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi gbọdọ̀ mú ọkàn yín bá mi lọ, torí òun ló mú kí pílọ́ọ̀gì yọ́ nílé mi. 10A ni wọ́n gbẹ́ sí ẹnu wáyà tí mo rà, mo sì gbà pé 10A ni gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sí ẹnu, ti ẹnu nìkan ni. Ti wáyà wà lára wáyà, lẹ́tà tín-ín-rín tó ń lọ ní gígùn rẹ̀, bí "3G0.75" tàbí "2X0.5". Nọ́ńbà iwájú ni iye wáyà tó wà nínú. G túmọ̀ sí pé ti ilẹ̀ wà lára wọn, X túmọ̀ sí pé kò sí. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ni bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó. Nínípọn 0.5 tó fún 3A, 0.75 tó fún 6A, 1.0 tó fún 10A, 1.5 sì tó fún 15A. Ẹ wá fi wé ẹ̀rọ yín. Tẹlifíṣọ̀n àti rédíò, 0.5 tàbí 0.75. Ìkòkò ìrẹsì àti áyọ́ọ̀nù, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 0.75, ní tèmi, 1.0 ni mo máa ń rà fún áyọ́ọ̀nù. Kẹ́tù, 1.0 ó kéré tán. Wáyà tó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ kò ṣe ẹ̀rọ kankan ní jàǹbá, owó díẹ̀ ló fi wọ́n jù.

Ti ìkòkò wa kò ní lẹ́tà kankan lára. Ìyẹn gan-an ni ó yẹ kó jẹ́ kí n dá a padà.

Bí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́rin kékeré nínú onígun mẹ́rin ńlá lára ẹ̀rọ, wọ́n ti dáàbò bo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò nílò wáyà ilẹ̀. Bí àmì yẹn kò bá sí, tí ara ẹ̀rọ sì jẹ́ irin, ẹ má gba wáyà tí kò ní ti ilẹ̀ fún un, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ.

Bó bá jẹ́ èyí tó ní àpótí lára

Wáyà lápútọ́ọ̀pù, ti dékódà kan, ti ẹ̀rọ Wi-Fi, ti kíbọ́ọ̀dù orin ní ṣọ́ọ̀ṣì: àwọn wọ̀nyí ní àpótí dúdú kan, àdápítọ̀, tó ń sọ iná ògiri di iná kékeré. Níhìn-ín, kí ẹnu bára mu kò tó ohunkóhun, torí ẹnu kan náà lè gbé 5V, 9V, 12V tàbí 19V jáde. Aládùúgbò mi kan fi ṣájà lápútọ́ọ̀pù 19V sí ẹ̀rọ Wi-Fi 12V nítorí pé ó wọ̀ ọ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rọ náà fi kú, kò sì jí mọ́.

Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì àdápítọ̀ tó ti bàjẹ́. Ìlà INPUT ni ohun tó ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá kọ 100-240V síbẹ̀, iná wa kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ìlà OUTPUT ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Fólítì OUTPUT ti tuntun gbọdọ̀ bá ti àtijọ́ mu, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Áǹpì rẹ̀ lè bá a mu tàbí kó jù ú lọ. Ìdí ni pé ẹ̀rọ ló ń fa iye áǹpì tó fẹ́, àdápítọ̀ kì í fi tipátipá kì í sí i lẹ́nu: ẹ̀rọ 12V 1A lè lo àdápítọ̀ 12V 2A fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n àdápítọ̀ 1A kò lè bọ́ ẹ̀rọ tó ń jẹ 2A. Yóò máa gbóná, yóò sì kú.

Ẹ tún wo àmì kékeré kan tó ní àmì roboto kan láàárín àti ìlà tó yí i ká, pẹ̀lú + lápá kan àti − lápá kejì. Ó ń sọ bóyá inú ihò ẹnu ni iná + ń gbà tàbí ìta rẹ̀. Ti tuntun gbọdọ̀ rí bákan náà. Bí àmì yìí kò bá sí, rẹ́páírà tó ní mítà lè wọ̀n ọ́n fún yín lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ~ sí iwájú fólítì OUTPUT dípò ìlà títẹ́ pẹ̀lú ìlà jíjá nísàlẹ̀ rẹ̀, irú iná mìíràn nìyẹn, ẹ má fi èkejì rọ́pò rẹ̀.

Ẹnu roboto náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Méjì ló wọ́pọ̀ tí ìta wọn jẹ́ 5.5mm, tí ihò inú ọ̀kan jẹ́ 2.1mm tí ti èkejì sì jẹ́ 2.5mm. Ojú kò lè dá wọn mọ̀. Èyí tí ihò rẹ̀ tóbi máa wọ ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, yóò máa mì, iná yóò máa wá, yóò máa lọ. Ẹ gbé àdápítọ̀ àtijọ́ dání, òun ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ti lápútọ́ọ̀pù, ẹ mú orúkọ àti nọ́ńbà kọ̀ǹpútà náà lọ. Ọ̀pọ̀ jẹ́ 19V, 3.42A, èyí tó jẹ́ 65W, ṣùgbọ́n ẹ má fi "ọ̀pọ̀" rajà. Dell, fún àpẹẹrẹ, ní abẹ́rẹ́ kan láàárín ẹnu tó fi ń dá ṣájà rẹ̀ mọ̀. Bí kò bá dá a mọ̀, kọ̀ǹpútà lè tàn kí bátìrì má sì gba iná.

Kí ẹ tó náwó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáyà tó wà láàárín ògiri àti àpótí náà nìkan ló bàjẹ́. Fúláwà nìyẹn, owó rẹ̀ kò súnmọ́ ti odidi ṣájà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Tánkẹ ti ra odidi ṣájà nítorí wáyà tó ṣeé yọ.

Ọjà

Fún ti kọ̀ǹpútà, ọ̀nà Táíwò àti agbègbè Post Office ni ẹsẹ̀ mi máa ń gbé mi lọ ní Ìlọrin. Fún rédíò, áyọ́ọ̀nù àti ìkòkò, mo máa ń dé Ìpàta tàbí Ọjà Ọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìgbàjà, ẹ má kánjú wọkọ̀ wá sí Ìlọrin. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ́páírà ìlú yín. Àwọn ẹ̀rọ tó ti kú máa ń kún ilé iṣẹ́ wọn, wáyà ara wọn sì ṣì dára. Mo máa sọ èrò ọkàn mi: wáyà tòkunbọ̀ tó bá ojú kọ̀ǹpútà wá láti Bírítéènì, tí rọ́bà rẹ̀ kò tíì sán, sàn ju ọ̀pọ̀ wáyà tuntun tó ń dán nínú ọ̀rá lọ.

Ẹ gbé wáyà àtijọ́ dání, ẹ gbé òòfà kékeré kan dání (èyí tó wà nínú spíkà tó ti bàjẹ́ tó), ẹ sì má gbàgbé fọ́tò yín.

Ẹ fi ọwọ́ gbé wáyà náà wò. Bàbà wúwo. Wáyà tó fúyẹ́ bí okùn aṣọ, rọ́bà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayédèrú ló ń fi alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn rọ́pò bàbà, iná kì í sì í rìn geere nínú alumíníọ̀mù bíi ti bàbà. Bí ẹ bá ń ra wáyà tí wọ́n ń gé ní yáàdì, ẹ ní kí wọ́n bó orí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi abẹ ha irun wáyà kan. Bàbà pupa títí dé inú. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ẹ dá a padà. Ẹ sún òòfà mọ́ ọn pẹ̀lú: òòfà kì í fa bàbà, kì í sì í fa idẹ tó yẹ kí ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì jẹ́. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, irin lásán ni.

Ẹ wá wo pílọ́ọ̀gì. Ẹsẹ̀ méjì kékeré gbọdọ̀ ní rọ́bà dúdú ní ìdajì òkè wọn, kí ìka ọmọdé má baà kan irin nígbà tí pílọ́ọ̀gì bá yọ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ńlá, ti ilẹ̀, kò gbọdọ̀ ní rọ́bà kankan lára. Àwọn aṣàyédèrú kì í mọ èyí, wọ́n á fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó lè dọ́gba lójú, ẹsẹ̀ ilẹ̀ á wá di ẹsẹ̀ igi. Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn, torí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ẹ ṣí ibi fíúsì náà. Bí kò bá sí fíúsì níbẹ̀, tàbí tí ibi tí ó yẹ kó wà jẹ́ àwòrán lásán, ẹ gbé e kalẹ̀. BS 1363, nọ́ńbà ìlànà Bírítéènì, ló yẹ kí wọ́n kọ sí pílọ́ọ̀gì, BS 1362 sí fíúsì. Wáyà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà máa ń ní àmì MANCAP ti SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, mo sì fọkàn tán wáyà ilẹ̀ wa gan-an.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa pẹ̀lú ọlọ́jà kì í le. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ kú ọjà. Wáyà kọ̀ǹpútà ni mo ń wá, tó lè gbé ìkòkò ìrẹsì 700W." Wọ́n á ní, "Àǹtí, orijíná rèé." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ka ara ẹ̀." Ẹni tó ń ta ògidì kì í bínú sí èyí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i kí n lè rí lẹ́tà rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ń rajà títí dòní. Bí wọ́n bá ní iná nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n dán an wò. Kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè dá a padà bí kò bá bá a mu, kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Wáyà tí kò ṣeé yọ

Áyọ́ọ̀nù, fáànù, fìríìjì àti maikirowéèfù ní wáyà tó wọ inú ara wọn. Bó bá jẹ́ pílọ́ọ̀gì nìkan ló jó, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Ẹ gé ibi tó jó kúrò títí ẹ ó fi rí bàbà tó mọ́. Bí ìdérí pílọ́ọ̀gì bá ti ṣí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ńlá sì wà lókè, wáyà aláwọ̀ búráwùn lọ sọ́wọ́ ọ̀tún níbi fíúsì, búlúù sọ́wọ́ òsì, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò sókè. Lára wáyà àtijọ́, pupa ni búráwùn, dúdú ni búlúù. Ẹ jẹ́ kí wáyà ilẹ̀ gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kí ó jẹ́ òun ló máa já gbẹ̀yìn bí ẹnì kan bá fà á. Ẹ há rọ́bà ìta mọ́ abẹ́ irin tó ń di wáyà mú. Fíúsì 3A fún ẹ̀rọ tí kò ju 700W lọ, 13A fún èyí tó jù ú lọ.

Wáyà áyọ́ọ̀nù yàtọ̀. Èyí tí wọ́n fi òwú hun sí lára ni kẹ́ ẹ béèrè, nítorí rọ́bà lásán máa ń yọ́ bí ojú áyọ́ọ̀nù bá kàn án. Ẹ má fi téèpù so wáyà áyọ́ọ̀nù tó já: ooru á tú téèpù, ọwọ́ yín ló sì máa wà níbẹ̀.

Fìríìjì máa ń fa iná púpọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń gbéra, torí náà wáyà tín-ín-rín àti ẹ́síténṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Maikirowéèfù, ẹ má ṣí ara rẹ̀ rárá. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú iná olóró pamọ́ kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá

Wáyà ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì láti Amẹ́ríkà ń fi àwọn èèyàn sínú wàhálà. Wọ́n á gé pílọ́ọ̀gì rẹ̀, wọ́n á fi tiwa rọ́pò, ẹ̀rọ á sì jó. Wáyà kọ́ ló jó o. Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ 100-240V, ẹ kàn ra wáyà tó ní pílọ́ọ̀gì tiwa. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, tàbí 100V bíi ti Jàpáànù, àfi kí ẹ ra tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, tí wáàtì rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Wáyà tí wọ́n kọ 125V sí, ẹ má lò ó fún iná wa. Tòkunbọ̀ Bírítéènì kì í ní ìṣòro yìí, iná wọn àti tiwa jọra.

Nígbà tẹ́ ẹ bá délé

Ẹ tan ẹ̀rọ náà nígbà tí ẹ wà nílé, tójú yín sì wà lára rẹ̀, kì í ṣe lálẹ́ tí ẹ fẹ́ sùn. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pa á, kí ẹ fọwọ́ kan wáyà láti ìdí dé ẹnu, àti pílọ́ọ̀gì. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kò burú fún kẹ́tù tàbí áyọ́ọ̀nù. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò fi lè dúró lára rẹ̀, tàbí tó ń rùn, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà. Ẹ má ká wáyà tó gùn jọ bí òṣùká nígbà tí ẹ̀rọ ńlá bá wà lórí rẹ̀, torí ooru á há sáàárín.

Wáyà àtijọ́, ẹ gé e sí méjì kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹ sì gé e níbi tó súnmọ́ pílọ́ọ̀gì pátápátá. Pílọ́ọ̀gì tí wáyà ṣì rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí bàbà orí rẹ̀ sì wà níta, ọmọdé lè rí i lórí ààtàn kó kì í bọ ògiri.

Ti màmá mi, mo lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, mo kan ìṣó kan sára ògiri lókè rédíò, níbi tí eku kò lè dé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìròyìn tán, wọ́n á yọ wáyà náà, wọ́n á fi kọ́ síbẹ̀.